Okùn Ẹ̀yìn Típà

Àbámẹ́ta, 2 oṣù Kẹta

Òjò ò jẹ́ ká jáde títí aago méje fi lù. Nígbà tó dá, èmi àti Ẹ̀gbọ́n Oníbúrẹ́dì fi kẹ̀kẹ́ gun òkè méjì àkọ́kọ́. A ò dé ìkẹta, èyí tí gbogbo ẹgbẹ́ oníkẹ̀kẹ́ wa ń pè ní Bàbá Wọn, torí ọ̀nà ń yọ̀. Òkun wà nísàlẹ̀ lọ́wọ́ òsì wa, àwọ̀ rẹ̀ dà bí omi tí wọ́n fi fọ abọ́. Ẹ̀gbọ́n ló wà níwájú tó ń fi ara gba afẹ́fẹ́ fún mi ní gbogbo ọ̀nà, èmi sá sẹ́yìn rẹ̀ bí adìyẹ tó ń sá fún òjò. Nígbàkigbà tí mo bá fẹ́ bọ́ síwájú kí n gba tèmi, á fọwọ́ júwe pé kí n dúró síbi tí mo wà.

"Fi ẹsẹ̀ ẹ pamọ́, Aláago. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lo máa lò ó."

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ìdánwò. Ẹni mẹ́rin ni ẹgbẹ́ ń kó lọ sí ìdíje òkè mẹ́ta lọ́jọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù tó ń bọ̀. Wọ́n ti mú Nọ́ọ̀sì, wọ́n ti mú Gàgàrà, wọ́n ti mú Tísà. Àyè kan ló kù, èmi àti Ẹ̀gbọ́n la sì jọ ń dù ú: ẹni tó bá yára gun Bàbá Wọn jù ló ni ín. Ọdún márùn-ún ni mo ti ń jókòó sínú ọkọ̀ àwọn adèlé, àwọn tí wọn ò mú, tí mò ń ṣọ́ aṣọ òtútù àwọn ẹlòmíì. Ti Ẹ̀gbọ́n tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó máa pé àádọ́ta lóṣù kẹjọ, ẹgbẹ́ kì í sì í mú ẹni tó ti pé àádọ́ta. Tí kò bá rí i gbà lọ́dún yìí, ó parí nìyẹn.

Òun ló máa gbà á. Ogún ìṣẹ́jú ló fi ń gun Bàbá Wọn. Èmi ò tíì gùn ún kó má pé ìṣẹ́jú mọ́kànlélógún rí láyé mi.

Ọjọ́bọ̀, 7 oṣù Kẹta

Táyà ti gbówó lórí. Mo lẹ èyí tó wà ńlẹ̀.

Àbámẹ́ta, 9 oṣù Kẹta

Wọ́n mú mi. Ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógún àti ìṣẹ́jú-àáyá méjìlá. Ìyàwó mi pariwo títí àwọn aládùúgbò fi yọjú lójú fèrèsé. Orí ń fọ́ mi. Aago mẹ́rin ọ̀sán ni mo ti lọ dùbúlẹ̀.

Àìkú, 10 oṣù Kẹta

Màá kọ ọ́ síbí torí mi ò lè sọ ọ́ níbòmíì.

Ìkùukùu ló wà lánàá, irú èyí tí èèyàn ò fi ní rí ìka ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ìyàwó Alága wà nísàlẹ̀ òkè, ó ń tú wa sílẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Alága fúnra rẹ̀ wà lókè pẹ̀lú aago àti ìwé ńlá rẹ̀, fóònù ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n ló kọ́kọ́ lọ. Ogún ìṣẹ́jú géérégé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tú èmi sílẹ̀.

Mo sáré jù níbẹ̀rẹ̀, àṣìṣe tí Ẹ̀gbọ́n ti kìlọ̀ rẹ̀ fún mi títí ẹnu fi bó o. Kí n tó dé ìdí táǹkì omi, ẹsẹ̀ mi ti di igi. Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ típà kan lẹ́yìn mi tó ru iyanrìn, tó ń kérora bíi tèmi. Ó rọra kọjá lára mi. Okùn tí wọ́n fi so ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ ń jù síhìn-ín sọ́hùn-ún. Mi ò rò ó, mo kàn rí ọwọ́ mi lára okùn.

Irọ́ ni. Ìyẹn ni mo ti ń sọ fún ara mi láti àná, irọ́ sì ni. Mo wo ẹ̀yìn, mo wo iwájú, mo rí i dájú pé ìkùukùu bò mí, kí n tó na ọwọ́ ọ̀tún mi mú okùn náà. Ẹni tí kò rò ó kì í wẹ̀yìn wò.

Mo ní kí n kàn mí ní ìgbà mẹ́wàá péré. Mo ka mẹ́wàá, mo tún bẹ̀rẹ̀ láti ení. Ibi kọ́ọ̀nà tó kẹ́yìn ni mo tó jù ú sílẹ̀, típà yà sí ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé ìwé tuntun, èmi sì jáde nínú ìkùukùu síwájú Alága pẹ̀lú ìmí hẹlẹhẹlẹ. Ojúlówó ni ìmí yẹn. Ẹ̀rù ló fà á.

Ẹ̀gbọ́n dì mọ́ mi. "Ṣé mi ò sọ fún ẹ? Ṣé mi ò sọ fún ẹ pé ẹsẹ̀ ẹ máa là lọ́jọ́ kan?" Ó yíjú sí Alága, ó ní, "Àbúrò mi ló gbà á lọ́wọ́ mi, kì í ṣe ọ̀tá. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀." Alága sì kọ ọ́. Mo rí gègé bó ṣe ń lọ lórí ìwé. Ó yẹ kí n lanu nígbà yẹn, kí n sọ̀rọ̀. Omi ni mo béèrè.

Ìṣẹ́gun, 12 oṣù Kẹta

Ẹ̀gbọ́n wá sí ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tún aago ṣe. Mo ti fi awò sójú, mo ń wá ìdè onírin inú aago kan tó bọ́ sábẹ́ tábìlì, ìdè tí kò tóbi ju ojú èèrà lọ. Nígbà tí mo gbójú sókè, mo rí i tó gbé wíìlì ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dání, èyí tó fúyẹ́, tí òun fúnra rẹ̀ to wáyà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan nígbà tí ìyàwó rẹ̀ wà ní ọsibítù. Kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

"Fi sí kẹ̀kẹ́ ẹ," ló wí. "Mi ò ní lò ó mọ́. Ó kéré tán, nǹkan mi kan á dé ibẹ̀."

Mo ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní ṣé mò ń ṣàgídí sí òun ni. Ó gbé e ti ògiri, ó lọ. Mi ò rí ìdè yẹn mọ́ títí mo fi ti ṣọ́ọ̀bù.

Ẹtì, 15 oṣù Kẹta

Ọmọbìnrin mi ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára ògiri ilé ìdáná, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fìríìjì: 19:12. Ó ya òdòdó yí i ká. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni, ó mọ òdòdó yà. Kò sí bí mo ṣe fẹ́ mu omi nílé yìí tí mi ò ní kà á.

Ìyàwó mi náà ti sọ fún gbogbo ibi iṣẹ́ rẹ̀. Obìnrin yìí kan náà ló máa ń béèrè pé ṣé kẹ̀kẹ́ yìí á gbé mi débì kan láyé. Ó ti gbé mi dé ibì kan báyìí.

Àbámẹ́ta, 23 oṣù Kẹta

Èmi, Nọ́ọ̀sì, Gàgàrà àti Tísà jáde fún ìgbà àkọ́kọ́. Ojú ọjọ́ dára, afẹ́fẹ́ òkun ń fẹ́ láti ẹ̀gbẹ́. Lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, mò ń bá wọn gba afẹ́fẹ́ bó ṣe yẹ, bó bá kàn mí, mo bọ́ síwájú. Òkè kìíní, mo bá wọn dé e. Òkè kejì, mo fi ìwọ̀n òpó iná márùn-ún gbẹ̀yìn. Nígbà tí a dé Bàbá Wọn, mi ò rí wọn mọ́.

Nínú ẹgbẹ́ wa, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé orí òkè á padà sísàlẹ̀ wá bá ẹni tó gbẹ̀yìn gùn ún. Gàgàrà ló padà wá bá mi. Ó ga débi pé tó bá wà lórí kẹ̀kẹ́, á dà bíi pé kẹ̀kẹ́ ọmọdé ló gùn. Ó wo ojú mi, ó rẹ́rìn-ín.

"Aláago, ẹsẹ̀ ọjọ́sí dà? Àbí o yá a lọ́wọ́ ẹnì kan ni?"

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Mo ní inú ló ń run mí. Ó ní pẹ̀lẹ́. Gbogbo wọn ló ní pẹ̀lẹ́ lókè. Tísà fún mi ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀, mo sì jẹ ẹ́, torí ebi tún ń pa mí, opurọ́ inú rírun.

Ajé, 25 oṣù Kẹta

Nọ́ọ̀sì ò gbà pé inú rírun ni. Ó ní kí n wá sí ọsibítù rẹ̀ kí iṣẹ́ tó wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ó wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mi, ó fi ẹ̀rọ gbọ́ àyà mi, ó fa ẹ̀jẹ̀ ìgò kékeré méjì. Ìyá àgbàlagbà kan wà lórí bẹ́ǹṣì níta tó ń wú ikọ́ bíi pé ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ fẹ́ já, èmi tí ohunkóhun ò ṣe ni wọ́n kọ́kọ́ dá lóhùn.

"Bọ̀dá Aláago, àyà yín ń lù kìkì," ló wí. "Ṣé nǹkan kan wà lọ́kàn yín ni?"

Mo ní iṣẹ́ ló pọ̀. Nígbà tí mo jáde, mo kí ìyá yẹn, ó sì ṣàdúrà fún mi pé ara mi á yá.

Ọjọ́bọ̀, 28 oṣù Kẹta

Ọkùnrin kan gbé aago wá lónìí. Ó sanra, iyanrìn wà nínú bàtà rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ kalẹ̀ yí ṣọ́ọ̀bù mi ká. Bó ṣe ń ṣàlàyé bí aago rẹ̀ ṣe ń dúró, ojú rẹ̀ lọ sára kẹ̀kẹ́ mi tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó wò ó, ó wò mí, ó tún wo akoto pupa tí mo máa ń dé sórí, tí mo fi kọ́ sára ọwọ́ kẹ̀kẹ́.

"Háà, ẹ̀yin kọ́ lẹ rọ̀ mọ́ típà mi lẹ́yìn lọ́jọ́ ìkùukùu yẹn?"

Awò bọ́ lójú mi. Kí n tó mọ ohun tí màá sọ, ó ti ń rẹ́rìn-ín. "Mo rí yín nínú díńgí. Mo rò pé ara yín ò yá ni. Mo ní, ẹni ẹlẹ́ni yìí, tí mo bá tẹ ọkọ̀ jù, á ṣubú, màá wá rojọ́. Ni mo bá rọra ń wà á. Ẹ ò rí i pé mo rọra wà á?"

Mo ní mo rí i. Mo ní ó ṣeun. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá mi jalè láìmọ̀ pé olè ni mo jẹ́. Bátìrì ló kàn kú nínú aago náà. Mo pa á dà, mo sọ pé kò ní san nǹkan kan. Ó wò mí bíi pé orí mi ò pé. "Kí ló dé? Ẹ gba owó iṣẹ́ yín o." Ìgbà yẹn ni mo tó rí i pé ẹ̀bùn ìpanumọ́ ni mò ń fún un, fún ọkùnrin tí kò tiẹ̀ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan wà láti sọ. Mo gba owó náà.

Àbámẹ́ta, 6 oṣù Kẹrin

Mo ya ilé búrẹ́dì lẹ́yìn ìgbà tí a ti gun kẹ̀kẹ́ dé. Ẹ̀gbọ́n ti fi okùn so kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kọ́ àjà, ó dorí kodò, kò ní wíìlì ẹ̀yìn, ìyẹ̀fun ti bò ó funfun. Ikùn díẹ̀ ti ń yọ lábẹ́ épúrọ́ọ̀nù rẹ̀.

Mo béèrè bóyá kò jáde mọ́ ni. "Jáde lọ síbo? Mo ń sùn báyìí, Aláago. O ò mọ bí oorun ṣe dùn tó. Ogún ọdún ni mo fi ń kúrò nídìí ààrò bọ́ sórí kẹ̀kẹ́." Ó fa àpò ìyẹ̀fun kan sí ẹ̀gbẹ́, ó jókòó lé e. "Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, èmi ni màá dúró lórí Bàbá Wọn fún ẹ ní omi. Mo ti sọ fún Alága. Mi ò ní jẹ́ kí ẹlòmíì fún ẹ."

Ó yẹ kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì. Ilẹ̀ ò ṣe bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ ilé búrẹ́dì le.

Ọjọ́rú, 10 oṣù Kẹrin

Mo lọ sí ilé búrẹ́dì láti sọ fún un. Ó gbé búrẹ́dì gbígbóná fún mi. Mo jẹ búrẹ́dì, mo padà wálé.

Ìṣẹ́gun, 16 oṣù Kẹrin

Mo ti rí ọgbọ́n dá, mo rò pé mo ti rí i. Tí eékún bá ń dùn mí, mi ò ní lè lọ. Tí mi ò bá lọ, Ẹ̀gbọ́n ló kàn. Kò sí pé a ń sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Mo ra báńdéèjì, mo wé e láàárọ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tiro láti iyàrá dé ilé ìdáná.

Ìyàwó mi ń da tíì. Ó wò mí títí mo fi jókòó.

"Olówó orí mi, ẹsẹ̀ òsì lẹ wé. Ọ̀tún lẹ ń tiro."

Mo wo ilẹ̀. Òótọ́ ni. Ó sin ọmọ lọ sí ilé ìwé, ó padà wá, ó jókòó síwájú mi, kò lọ sí ibi iṣẹ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí táǹkì omi dé orí awakọ̀ típà. Mo retí pé á pariwo. Kò pariwo. Ó ń fi ìka yí etí ife tíì ká.

"Èmi ni mo sọ fún gbogbo ayé," ló wí nígbà tó yá. "Ní ibi iṣẹ́ mi, wọ́n ń pè mí ní ìyàwó olókè." Lẹ́yìn náà, ó ní, "Ẹ ò ní fi eékún parọ́ mìíràn. Oníbúrẹ́dì á gba àyè rẹ̀, á máa dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, á máa bá yín wá oògùn eékún kiri. Ṣé ẹ máa lè gbà á?"

Mi ò lè gbà á. Ó nawọ́ sí ògiri, ó ní, "Mi ò ní pa ìyẹn rẹ́ fún yín. Ẹ̀yin lẹ máa pa á rẹ́. Ẹ sì máa sọ ìdí rẹ̀ fún ẹni tó kọ ọ́."

Àbámẹ́ta, 20 oṣù Kẹrin

Mo bẹ Alága pé kó pàdé mi nílé búrẹ́dì, kó mú ìwé dání. Ó rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ẹ̀ṣọ́ ọ̀nà fún ọjọ́ ìdíje ni. Mo dúró láàárín pákó tí wọ́n ń to búrẹ́dì sí, mo sọ ọ́ láìjókòó. Kò pẹ́ rárá. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, mo sọ ọ́ tán kí búrẹ́dì kan tó pọ́n.

Alága ṣí ìwé, ó fi rúlà fa ìlà sórí orúkọ mi, ìlà tó gún régé. "Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn," ló wí, kò parí rẹ̀. Gbogbo wa la mọ ìparí rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n kọ ẹ̀yìn sí wa. Ó ṣí ààrò, ó fa páànù búrẹ́dì jáde, ó tì í padà, bẹ́ẹ̀ kò tíì jinná. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Mo bẹ̀ yín. Ẹ̀yin lẹ ni àyè náà, ó ti padà sọ́wọ́ yín."

Ó yí padà. "Ó ti padà sọ́wọ́ mi?" Ó lu ikùn rẹ̀. "Wò mí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mi ò ti gun nǹkan kan. Ọjọ́ méje ló kù. Ẹni tó bá ṣe ìkẹrin ni wọ́n ń ka àkókò rẹ̀ fún ẹgbẹ́, o mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ká ní o sọ ọ́ lọ́jọ́ kejì, mo ṣì ní ẹsẹ̀. Ká ní o sọ ọ́ lọ́sẹ̀ kejì, mo ṣì ní ẹsẹ̀."

"Mo wá lọ́jọ́ kan láti sọ ọ́."

"O wá jẹ búrẹ́dì."

Alága béèrè pé ṣé á lọ, àbí kí wọ́n kọ̀wé pé ẹgbẹ́ wa ò wá. Ẹ̀gbọ́n bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dùn ún gbọ́. "Màá lọ. Èmi ni mo ni ín, àbí? Màá gbé nǹkan mi tó ti bàjẹ́ lọ bẹ́ẹ̀." Lẹ́yìn náà ló sọ èyí tí mi ò lè gbàgbé. Ó ní, "O ti sọ ẹrù ẹ kalẹ̀, Aláago. Ara ẹ á fúyẹ́ lónìí. Orí mi lo sọ ọ́ kà."

Mo tú wíìlì rẹ̀ kúrò lára kẹ̀kẹ́ mi níwájú rẹ̀. Mo ti kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ kan lọ sílé.

Àìkú, 21 oṣù Kẹrin

Mo sọ fún ọmọ mi. Mo lo ọ̀rọ̀ tó rọrùn, ṣùgbọ́n mi ò dín in kù. Ó ronú, ó ní, "Ṣé ọwọ́ ò dùn yín tí típà ń fà yín?" Mo ní ó dùn mí díẹ̀. Mo fi àkísà tútù nu ògiri, nọ́ńbà lọ, òdòdó kù. Ó mú ṣọ́ọ̀kì.

"Èló wá ni tiyín gan-an lọ́jọ́ yẹn? Kí n kọ ọ́."

Mo ní mi ò mọ̀. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀ ọ́n láé. Òdòdó wà lára ògiri báyìí, kò sí nǹkan kan láàárín rẹ̀. Èmi tí mò ń tún aago ṣe fún gbogbo ìlú.

Ọjọ́rú, 24 oṣù Kẹrin

Gàgàrà wá gba aago rẹ̀ tó ti fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi fún àtúnṣe. Ó gbé e sétí. "Ṣé ó ń lọ fúnra ẹ̀, àbí nǹkan kan ló ń fà á?" Kò rẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì fi èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ mi ránṣẹ́: ara mi le dáadáa. Kò kọ nǹkan mìíràn sí i.

Àbámẹ́ta, 27 oṣù Kẹrin

Oòrùn mú, afẹ́fẹ́ òkun le láti àárọ̀. Ẹ̀gbọ́n ló yẹ kó máa fún èèyàn ní omi lórí Bàbá Wọn, ó ti wọ inú ìdíje, àyè rẹ̀ sì ṣófo. Mo bẹ Alága pé kó fi mí síbẹ̀. "Ẹnì kan gbọ́dọ̀ dúró síbẹ̀," ló wí.

Mo ti fi wíìlì àtijọ́ padà sára kẹ̀kẹ́ mi, mo fi gbé ike omi lọ láàárọ̀, mo dúró nídìí táǹkì. Mo yan ibẹ̀ fúnra mi. Ẹgbẹ́ mọ́kànlá ló kọjá. Nọ́ọ̀sì, Gàgàrà àti Tísà jọ dé, wọ́n gba omi lọ́wọ́ mi láìwo ojú mi, bí èèyàn ṣe ń gba nǹkan lórí pẹpẹ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo ìsàlẹ̀ fún ẹni kẹrin. Àwọn ẹgbẹ́ mìíràn ń lọ, wọ́n ń tán lọ. Ọkọ̀ tó ń kó àwọn tó ti rẹ̀ kọjá, ó ṣófo. Ọkọ̀ aṣọ́nà tó gbẹ̀yìn kọjá, awakọ̀ rẹ̀ kígbe sí mi pé wọ́n ti ti àkókò, ọ̀nà ti ṣí fún ọkọ̀. Ó ní ẹnì kan ṣì wà nísàlẹ̀ tó ní òun ò ní wọkọ̀.

Mo rí i nígbà tó yọ ní kọ́ọ̀nà. Ó ń fi gbogbo ara wa kẹ̀kẹ́, èjìká, ọrùn, ohun gbogbo. Ojú rẹ̀ pọ́n. Wíìlì yẹn ń dán lábẹ́ rẹ̀. Mo na ike omi sí i. Ó gbójú sí ọ̀nà, ó kọjá lára ọwọ́ mi.

Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ike lọ́wọ́. Mo ronú pé ẹni tó bá kọ́kọ́ dé òkè ló yẹ kó padà wá bá a. Àwọn mẹ́ta yẹn ṣì wà lókè ọ̀hún, èmi ni mo sún mọ́ ọn jù. Mo ki ike bọ ibi tí wọ́n ń ki omi sí lára kẹ̀kẹ́ mi, mo gùn ún, mo bá a. Kò ní àkókò kankan tí mo lè bà jẹ́ mọ́, wọ́n ti ti ìwé. Mo bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí òkun wà kí n lè gba afẹ́fẹ́ fún un.

"Padà," ló wí.

Mi ò padà. Kò sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, bóyá torí kò ní ìmí tó máa fi sọ ọ́. A ń lọ bẹ́ẹ̀, a ò yára ju ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn. Mò ń gbọ́ ṣéènì wa méjèèjì. Mo fẹ́ sọ pé kó dárí jì mí, mo rí i pé ara mi ni mo tún fẹ́ tù, mo pa ẹnu mọ́.

A fẹ́rẹ̀ẹ́ dé kọ́ọ̀nà tó kẹ́yìn nígbà tí mo gbọ́ ọ lẹ́yìn wa. Kò sí bí mi ò ṣe ní mọ ohùn rẹ̀. Típà ru iyanrìn, ó ń kérora bọ̀, ó rọra kọjá lára wa, awakọ̀ mi fọn fèrè fún mi, ó tiẹ̀ juwọ́, ó wá dín eré kù bí ọmọlúwàbí. Okùn ń jù lẹ́yìn rẹ̀, kò jìnnà sí wa ju apá kan lọ.

Ẹ̀gbọ́n wo okùn náà. Ó wò mí, fún ìgbà àkọ́kọ́ lónìí.

"Aláago," ló wí, "ọkọ̀ ẹ dé."

Ojú tì mí débi pé omi bọ́ lójú mi. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kó máa lọ, Ẹ̀gbọ́n." Mo fi ọwọ́ méjèèjì di kẹ̀kẹ́ mú títí típà fi yà lọ tí eruku rẹ̀ fi rọlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ń wú ikọ́, tàbí ó ń rẹ́rìn-ín, mi ò mọ èyí tó ń ṣe. Èjìká rẹ̀ ń mì. Ó tún lọ bí òpó iná méjì kó tó lanu.

"Gbé omi yẹn wá."

Mo fà á yọ. Ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi gbé e fún un, torí èèyàn kì í fi òsì fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní nǹkan.